Scan ní ọ̀rá ti wọ ẹ̀dọ̀ àbúrò mi, àmọ́ kò síbi tó ń dùn ún. Ṣé ká fọkàn balẹ̀?

BàbáÌbejì_Ìkéré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 46 ni, àgbẹ̀ ni, kì í mutí, kì í fa sìgá. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, ni wọ́n bá ní kó ya scan ikùn. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni pé ọ̀rá wà nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, "grade 2". Àwọn èsì yòókù nìyí:

ALT 61, AST 52 (àwọn èròjà tó máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ bá fara pa), platelet 190 (sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì). Ṣúgà àárọ̀ kó tó jẹun, 118. Ẹ̀jẹ̀ ríru, 146/92. Ó wọn kílò 94, ó ga ní mítà 1.70. Tí a bá fi téèpù télọ̀ yí ikùn rẹ̀ ká níbi ìdodo, sẹ̀ǹtímítà 108 ni.

Kò síbi tó ń dùn ún. Ó ń jẹun, ó ń roko, ó ń sùn dáadáa, ìyẹn ló fi ní òun kò rí àìsàn kankan. Ẹnì kan ní Ọjà Ọba ti ní òun ní àgbo tó ń fọ ẹ̀dọ̀. Ṣé ohun tó ń bani lẹ́rù lèyí àbí kò tó nǹkan? Kí la máa kọ́kọ́ ṣe? Àgbo yẹn ńkọ́?

Ayọ̀_Ìfàkì

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín, Bàbá Ìbejì. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ikùn ló ní ọ̀rá nínú ẹ̀dọ̀, kì í sì í burú jù báyẹn lọ fún èyí tó pọ̀ nínú wọn. Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń pè ní FIB-4, tí wọ́n fi ń fojú díwọ̀n bóyá ẹ̀dọ̀ ti ní àpá. Ẹ ṣe ọjọ́ orí lọ́nà AST, ẹ ṣe platelet lọ́nà ALT, kí ẹ wá fi ti ẹ̀yìn pín ti iwájú. 46 lọ́nà 52 jẹ́ 2,392. 190 lọ́nà 61 jẹ́ 11,590. Ẹ pín in, 0.2 ni. Kò tó 1.3, ó ti parí. Kó dín iyán kù, kó máa bá tiẹ̀ lọ.

Láàbù_Adó

Bọ̀ọ̀dá Ayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe kí Bàbá Ìbejì tó lọ sùn sórí ẹ̀. ALT gan-an kọ́ ni ẹ máa fi ṣe é. Nọ́ńbà tó jẹ́ pé tí ẹ bá ṣe é lọ́nà ara rẹ̀ ló máa di 61 ni ẹ máa lò, ìyẹn 7.81. 190 lọ́nà 7.81 jẹ́ 1,484. 2,392 tí a fi 1,484 pín jẹ́ 1.61. Láàárín 0.2 àti 1.61, ọ̀nà jìn.

Bí a ṣe ń kà á nìyí. Tí kò bá tó 1.3, ó ṣeé ṣe gan-an pé ẹ̀dọ̀ kò tíì ní àpá tó le. Kó tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ọdún kan sí mẹ́ta. Tó bá ju 2.67 lọ, kó lọ bá dókítà ẹ̀dọ̀. Àárín méjèèjì ni àbúrò yín wà, ẹni tó bá sì wà níbẹ̀, àyẹ̀wò kejì ló máa sọ òótọ́. Fún ẹni tó ti lé ní ọdún 65, 2.0 là ń lò dípò 1.3. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 35, ẹ má gbára lé ìṣirò yìí rárá.

Ohun tí wọn kì í sọ fún yín ni pé nọ́ńbà tí kò dára ló ń bí ìdáhùn tí kò dára. Inú ẹran ara náà ni AST wà, kì í ṣe inú ẹ̀dọ̀ nìkan. Àgbẹ̀ tó kọ ebè lánàá tó wá fa ẹ̀jẹ̀ lónìí lè rí AST tó ga láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ló ṣe é. Kó sinmi ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ó tó wá. Tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ náà pẹ̀lú ipá, tí àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa bá fọ́ nínú ìgò, AST á tún gòkè. Ibà ń fa platelet wálẹ̀, FIB-4 á wá dà bíi pé ó le ju bó ṣe rí lọ. Ẹ dúró kí ibà lọ tán pátápátá, kí ẹ tó tún un ṣe.

Ẹ má sì da "grade" pọ̀ mọ́ àpá. Bí ọ̀rá ṣe pọ̀ tó lójú scan ni "grade 2" ń sọ. Àpá ni wọ́n ń kà láti F0 dé F4, scan lásán kì í sì í rí i àyàfi tó bá ti bàjẹ́ tán. Bí ọ̀rá bá ti ju 5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ lọ ni àrùn ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó sábà máa ń tó nǹkan bí 20 sí 30 kí scan tó rí i kedere.

Ayọ̀_Ìfàkì

Mo gbà. Apá yẹn ni mo gbàgbé. Ẹ ṣeun, ọ̀gá Láàbù. Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú.

ÌyáÈwe_Ọ̀yẹ́

Epo pupa ló ń fa gbogbo èyí. Ẹ dá epo dúró. Kí ẹ wá se ewúro àti egbò igi sínú omidùn, kó máa mu ife kan láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ 21. Kó tún gbààwẹ̀ ọjọ́ méje sí i, ọ̀rá á yọ́ bí òrí inú oòrùn.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó

Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ewúro sílẹ̀ fún ọbẹ̀.

Bàbá Ìbejì, èsì HBsAg, ìyẹn àyẹ̀wò hepatitis B, dà? N kò rí i níbẹ̀. Nílẹ̀ wa yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ rí ALT tó ga kó sọ pé ọ̀rá nìkan ló fà á nígbà tí kò tíì yẹ hepatitis B wò, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, àti hepatitis C. Èèyàn lè ní ọ̀rá kó tún ní B, àpá á wá máa yára dé ju ti ọ̀kan ṣoṣo lọ. Tí èsì bá fi hàn pé kò ní B rí, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀: ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lẹ́yìn oṣù kan, ọ̀kan nígbà tó bá pé oṣù mẹ́fà láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yẹn ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé.

Ẹ tún bi í nípa ọtí lẹ́ẹ̀kan sí i, ní kọ̀rọ̀. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọkùnrin Èkìtì, "n kì í mutí" kò kan ẹmu ìdí igi, kò sì kan páráagà ibùdókọ̀. Ọtí ni méjèèjì. Kí a tó lè pe ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ ní èyí tí ọtí kò fà, ohun tí ọkùnrin ń mu kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 30 ọtí gidi lọ lójúmọ́, obìnrin 20. Ìgò bíà ńlá kan, sẹ̀ǹtílítà 60, tó jẹ́ 5%, ti fẹ́ẹ̀ tó gíráàmù 24.

Ní ti pé kò síbi tó ń dùn ún: inú ẹ̀dọ̀ kò ní ibi tí ìrora ti ń wọlé. Awọ tó bò ó nìkan ló ń gbọ́ ìrora, ìyẹn bí ẹ̀dọ̀ bá wú débi pé ó fa awọ náà. Nítorí náà èèyàn lè ti dé F3 kó ṣì máa gun igi ọ̀pẹ. Ìgbà tí àmì bá fi máa jáde, ohun tí ẹ máa rí ni kí funfun ojú pọ́n bí èèpo ọsàn tó ti pọ́n, kí ìtọ̀ dúdú bí omi tíì, kí ikùn máa kún fún omi, kí ẹsẹ̀ wú, kí èèyàn máa bì ẹ̀jẹ̀, kí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tàbí kí ó máa sùn lọ́sàn-án kó má rí oorun sùn lóru. Èyíkéyìí nínú èyí, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lọ́la.

Apòògùn_Ìkọ̀lé

Ọ̀rọ̀ àgbo fífọ ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ nǹkan. Kò sí ẹni tó ń fọ òun. Gbogbo egbò àti èèpo tí ẹ bá mu, ẹ̀dọ̀ náà ló máa tú u palẹ̀. Àwọn kan wà nínú wọn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ fúnra wọn, olùtà kò sì lè sọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú ìgò kan sí èkejì. Ògógóró ni wọ́n tún fi ń rẹ púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó mu ún tí ALT rẹ̀ wá fò sókè, dókítà kò ní mọ̀ bóyá ọ̀rá ni, àgbo ni, tàbí hepatitis.

Àwọn oògùn tó lè kó ọ̀rá sínú ẹ̀dọ̀ wà: prednisolone àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n bá pẹ́ lára, tamoxifen, amiodarone, methotrexate, valproate. Ẹ má dá ìkankan dúró fúnra yín, ẹ kàn sọ fún dókítà. Èyí tó ń bí mi nínú ni dexamethasone tí àwọn èèyàn ń rà nítorí kí wọ́n lè sanra, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè yọ. Ṣúgà á gòkè, ẹ̀jẹ̀ á ru, ikùn àti ẹ̀dọ̀ ni ọ̀rá ń lọ.

Paracetamol kì í ṣe èèwọ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 4 lọ láàárín wákàtí 24, ìyẹn tábúlẹ́ẹ̀tì 500 mg mẹ́jọ. Ẹ ka ara páálí oògùn òtútù àti ti ara ríro, paracetamol máa ń wà nínú wọn náà, ibẹ̀ ni àṣejù ti ń wá.

Tí dókítà bá sì kọ statin fún un nítorí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, kó lò ó. Àwọn èèyàn ń jù ú nù torí wọ́n gbọ́ pé ẹ̀dọ̀ wọn kò dára, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ kò ní kó má lò ó. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá ni ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀.

Ó tún lè bẹ̀rẹ̀ vitamin E, 800 IU lójúmọ́, ẹ̀rí wà fún un.

Dókítà_Òkè

Ẹ̀rí wà, ọ̀gá apòògùn, àmọ́ kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Àwọn tí wọ́n ti gé ẹran ẹ̀dọ̀ wọn wò, tí wọ́n rí i pé ó ti wú, tí wọn kò sì ní àtọ̀gbẹ, ni ẹ̀rí yẹn wà fún. Wọn kò tíì gé ti àbúrò yìí wò, ṣúgà rẹ̀ sì ti ń sún mọ́ ẹnu ààlà. Ìbẹ̀rù jẹjẹrẹ ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpòòtọ̀ tún wà fún ẹni tó bá ń lo ìwọ̀n yẹn fún ọdún gbọọrọ. Kó má tíì rà á.

Oògùn méjì tí wọ́n fọwọ́ sí fún àrùn yìí ní Amẹ́ríkà ni resmetirom ní 2024 àti semaglutide ní 2025, ẹni tó ti ní àpá F2 sí F3 ni wọ́n sì wà fún. Metformin dára fún ṣúgà, àmọ́ kì í wo àpá ẹ̀dọ̀. Abẹ́rẹ́ ìdín-sísanra-kù tí wọ́n ń tà lórí fóònù láìsí nọ́ńbà NAFDAC, ẹ sá fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ewu gan-an wà, nítorí gbogbo wa ti tẹjú mọ́ ẹ̀dọ̀. Ohun tó ń pa àwọn tó ní àrùn yìí jù lọ ni ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀. Àpá ẹ̀dọ̀ kò tó o. Ìdí ni pé ibì kan náà ni ọ̀rá ẹ̀dọ̀, ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ikùn ńlá ti ń bọ̀. Ẹ̀dọ̀ tó kún fún ọ̀rá kì í gbọ́ràn sí insulin, èròjà ara tó ń dín ṣúgà ẹ̀jẹ̀ kù, lẹ́nu mọ́, á máa tú ṣúgà jáde lóru, á sì máa da ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wo èsì àbúrò yín: 118 wà láàárín 100 sí 125, ìyẹn àgbègbè ìkìlọ̀. 126 lẹ́ẹ̀mejì ti di àtọ̀gbẹ. Kó ṣe HbA1c, àyẹ̀wò tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta, 5.7 sí 6.4 ni ìkìlọ̀, 6.5 sókè ni àtọ̀gbẹ. Tó bá jẹ́ SS, ẹ má gbára lé HbA1c. 146/92 náà, kó tún un wọ̀n lọ́jọ́ méje lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, lórí ìjókòó, lẹ́yìn ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún. Kó yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wò, kó sì yẹ kíndìnrín.

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni ìkejì tí a kì í sọ. Fún àrùn yìí, ó lè yọ kí ẹ̀dọ̀ tó le gbagidi. Ẹni tó ti dé F4, scan gbogbo oṣù mẹ́fà ni, kò gbọdọ̀ pa ọ̀kan jẹ.

Orúkọ àrùn náà yí padà ní 2023. Tí ẹ bá rí MASLD lórí ìwé, òun náà ni NAFLD tẹ́lẹ̀.

OlóúnjẹAdó

Ẹ jẹ́ kí n bá Ìyá Èwe sọ̀rọ̀ kí n tó kan iyán. Mà, epo kọ́ ló fa èyí tó pọ̀ jù. Inú ọ̀rá tó ti wà lára tẹ́lẹ̀, pàápàá ti ikùn, ni èyí tó pọ̀ jù ń wá sí ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ tún ń fi ṣúgà àti oúnjẹ oníṣítáàṣì ṣe ọ̀rá fúnra rẹ̀. Ti epo ẹnu ló kéré jù. Ẹni tó bá dá epo dúró tó wá ń mu mínírà, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ìgò ẹlẹ́rìndòdò sẹ̀ǹtílítà 50 máa ń ní ṣúgà tó gíráàmù 50 àti díẹ̀, bíi kóró ṣúgà 13. Malt kò yàtọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní ohun tó ń fún aboyún lẹ́jẹ̀. Juice páálí náà. Apá kan nínú ṣúgà yìí tí wọ́n ń pè ní fructose, ẹ̀dọ̀ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì ń sọ apá kan rẹ̀ di ọ̀rá. Ibí ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó yọ wọ́n pátápátá. Ọsàn tí a bó tí a jẹ, kò síjà. Ọsàn mẹ́fà tí a fún sínú ife ni ìjà.

Iyán wàyí. Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, n kò lè dúró ní Adó kí n ní kí ọmọ Èkìtì má jẹyán, wọ́n á lé mi dé Ìgbàrà Òdò. Iṣu sísè gíráàmù 100 ní nǹkan bí gíráàmù 27 oníṣítáàṣì. Òkìtì iyán tó kún àwo lè tó gíráàmù 700. Kó mú un wá sí bí ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ kan, bíi 250, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ní ọ̀sán tó ṣì máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà gba ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan. Kó kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja kó tó bu òkèlè àkọ́kọ́. Ara á kún kí iyán tó pọ̀. Àlùbọ́sà, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, gbogbo rẹ̀ dára. Ẹ fi ṣíbí wọn epo, ẹ má dà á láti ìgò: ṣíbí ìjẹun kan jẹ́ kálórì 120, ọ̀kan fún ẹnì kan nínú ọbẹ̀ ti tó. Mọ́ínmọ́ín ṣáájú àkàrà. Ẹ̀bá àti fùfú kò sàn ju iyán lọ, òṣùwọ̀n náà ni.

Ìwọ̀n ara ni oògùn. 94 ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá dé 89, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ ti ń dín. 87, wíwú ẹ̀dọ̀ ń lọ. 84 àti díẹ̀, ìyẹn ìdá mẹ́wàá kan tó lọ, àpá náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ni kó máa bọ́. Èyí tó bá ju kílò 1.6 lọ lọ́sẹ̀ lè mú kí ẹ̀dọ̀ wú sí i, ó sì ń dá òkúta sínú òróòro. Ìdí nìyẹn tí ààwẹ̀ ọjọ́ méje kò fi ṣeé ṣe fún un: ọ̀rá ara á ya lọ sínú ẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹran ara á sì máa lọ.

Kọfí dúdú láìsí ṣúgà àti mílíìkì, ife méjì sí mẹ́ta lóòjọ́, kò burú fún ẹ̀dọ̀. Àwọn tó ń mu ún sábà máa ń ní àpá tó kéré. Tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ṣì ń ru tàbí kò rí oorun sùn, kó fi sílẹ̀.

ÌyáÈwe_Ọ̀yẹ́

Mo gbọ́, ọmọ mi. Àmọ́ àgbẹ̀ ni ó, lójoojúmọ́ ló wà lóko. Báwo ni ẹni tó ń roko ṣe máa ní irú àìsàn báyìí? Tínínrín ni àwọn àgbẹ̀ tí a mọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó

Ẹ bi í bó ṣe ń dé oko, mà. Bó bá jẹ́ orí ọ̀kadà, tó jẹ́ alágbàṣe ló ń kọ ebè, tí òun dúró lábẹ́ ọsàn, iṣẹ́ oko ti tán nìyẹn. Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni kó máa rìn kánkán, ìyẹn ìrìn tó lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ àmọ́ tí kò lè kọrin. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún. Òkè tó pọ̀ ní Ìkéré tó fún ìyẹn. Ọ̀rá ẹ̀dọ̀ ń dín pẹ̀lú eré ìdárayá, kódà bí òṣùwọ̀n kò tíì yí.

Ẹni tínínrín náà ń ní in, mà. Ikùn ni kí ẹ wò, kì í ṣe apá. Ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ ti kọjá sẹ̀ǹtímítà 94, obìnrin tó ti kọjá 80, kó yẹ ara rẹ̀ wò, bó ti wù kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tín tó.

BàbáÌbejì_Ìkéré

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Ó jẹ́wọ́ ẹmu, agbè kan ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ti lọ fún HBsAg àti C. Dókítà rẹ̀ ní kó lọ ṣe Fibroscan, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ẹ̀dọ̀ ṣe le tó, kó sì pe ilé ìwòsàn tó máa lọ kó tó gbéra torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ní in. Ṣé ohun kan wà tó yẹ kó mọ̀ kó tó lọ?

Dókítà_Òkè

Ẹmu yẹn, kó dá a dúró báyìí. Fún Fibroscan, kó má jẹun fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán, oúnjẹ ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ dà bí èyí tó le. Kó má lọ nígbà tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tí ALT bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fò sókè. Kó bi wọ́n bóyá wọ́n ní orí ẹ̀rọ tó wà fún ẹni tó sanra, XL ni wọ́n ń pè é. Tí wọn kò bá lò ó fún ikùn tó nípọn, èsì lè má jẹ́ òótọ́. Tí líle ẹ̀dọ̀ kò bá tó 8 kPa lórí ẹ̀rọ náà, ó ṣeé ṣe gan-an pé àpá kò tíì le. Tó bá ju ìyẹn lọ, kó gbé e padà fún dókítà ẹ̀dọ̀.

BàbáÌbejì_Ìkéré

Ó ní tí òun bá jẹ bọ̀ọ̀lì kan ṣoṣo lójú ọ̀nà ńkọ́?

Láàbù_Adó

Oúnjẹ ni bọ̀ọ̀lì. Kó jẹ ẹ́ nígbà tó bá ń bọ̀.